Ọwọ́ Adépọ̀jù Lára Ìlẹ̀kùn

Ọ̀dà kì í ṣe osùn téèyàn ń fi omi ṣàn dànù. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi Adépọ̀jù hàn pupa fòò lára ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Òkúkù, ìka márààrún pé. Nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ló rí níbẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ tí kò tíì gbẹ ti ìlẹ̀kùn. Mo bú u dáadáa. Ẹ̀rín ló ń rín.

Kò pẹ́ sí i ni ibà pa á níbi iṣẹ́, lẹ́yìn Ìkìrun. Àwọn àjèjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti sin ín kí ìròyìn tó kàn wá. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ là ń gbé wálé sin. Wọn ò gé ọ̀kankan. Kí ni ká wá rì mọ́lẹ̀?

Láti ìgbà náà, bí a bá ti tan àtùpà nírọ̀lẹ́, nǹkan a gbá ìlẹ̀kùn, pà-pà-pà, bí Adépọ̀jù ti máa ń gbá a. A óò ṣílẹ̀kùn, a ò ní í rí ẹnì kan. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, di ẹrù.

“Ìyá, ẹ má bínú,” ó ní. “Mò ń gbé ọmọ lọ sílé bàbá mi ní Inísà. Bí ọwọ́ yìí bá ṣì wà níbẹ̀, mi ò lè dúró.”

“Adépọ̀jù ò ní í ṣe ọmọ rẹ̀ níbi.”

“Ṣé ẹ̀yin kì í gbọ́ ọ ni?”

Mò ń gbọ́ ọ. Ó tilẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi ń wálé. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Mo ní kí Àwẹ̀ró fún mi di ọ̀la.

Ọṣẹ àti kànrìnkàn kò tu irun kan lára ọ̀dà náà. Mo po eérú mọ́ omi, mo rẹ́ ẹ mọ́ ọn láàárọ̀, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó má baà gbẹ. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀dà ti rọ̀. Mo fi ọ̀bẹ kékeré ha á, mo wá fi ewé ìpín ha ìyókù. Bí ìka kọ̀ọ̀kan ti ń kúrò ni inú ń bí mi: sí Àwẹ̀ró, sí ibà, sí èmi alára.

Mo wo èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ìlà ọwọ́ Adépọ̀jù ṣì wà lára àwọn kan. Mo bá ṣa gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ funfun, mo sì ránṣẹ́ pe Fátóògùn, ẹ̀gbọ́n bàbá Adépọ̀jù.

“Ìyàwó, ọ̀dà lèyí,” ó ní.

“Ọwọ́ ọmọ yín ni.”

Kò bá mi jiyàn. Ó gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, a sin ín, a sì pe orúkọ Adépọ̀jù níbẹ̀.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Àwẹ̀ró tan àtùpà, a jókòó. Kò sẹ́ni tó gbá ìlẹ̀kùn. Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀. Èmi dìde, mo ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo ń retí Adépọ̀jù, kò wá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọmọ mi ti kú.