Ẹtu Tíṣà Akínbọ́lá

Díẹ̀ báyìí ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi pa Mọ̀dínátù ìyàwó mi, ẹran ìgbẹ́ ló sì fà á. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Èmi Jùbrílù, alágbẹ̀dẹ ni mí ní àdúgbò Adébáyọ̀ níbí, l'Ádó. Mò ń ṣe géètì, mò ń ṣe ọkọ́ àti àdá, ṣùgbọ́n ìbọn ọdẹ ni iṣẹ́ mi gan-an. Bí ìbọn ṣakabùlà bá bàjẹ́ láti Ijan títí dé Igbemo, tó bá ti ní ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Mi ò fọ́nnu. Ẹ bi wọ́n.

Mo sì lẹ́nu. Ọdẹ tó bá gbé ìbọn wọlé, tó kọ ẹnu rẹ̀ sí èèyàn, màá lé e jáde. Ògiri ni kí ẹnu ìbọn máa wò. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí mo máa ń tì bọ inú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Màá fi èékánná sàmì síbi tó dé, màá wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà níta. Bí ọ̀pá kò bá wọlé tó bó ṣe yẹ, wọ́n ti ki ìbọn náà nìyẹn, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rí iná rárá. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń pariwo èyí lé àwọn ọdẹ lórí. Mo ti bú bàbá àgbà nítorí ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, kó tó di ìrun Àìlà, Olúyẹmí ọlọ́kadà gbé ìbọn Tíṣà Akínbọ́lá dé láti Igbemo. Wọ́n fi àpò ìrẹsì wé e. Èdè Yorùbá ni Tíṣà fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ kó tó fẹ̀yìn tì. Oko ìrẹsì ló ń dá báyìí, ìbọn yẹn ló sì fi ń lé ọ̀yà. Irin tó so ọ̀pá ìbọn mọ́ igi ló já. Kí lèyí jẹ́ lọ́wọ́ mi? Wákàtí kan ti pọ̀ jù.

Olúyẹmí ò tíì kọjá géètì tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi wọlé. Ojú mi ò ríran kàwé mọ́, mo bá na fóònù sí Mọ̀dínátù, tó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lódìkejì iná.

"Tíṣà ni," ó ní. "Wọ́n ní, 'Etu wa ninu e o.'"

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ẹtu! Ẹran ẹtu!" Ó ti dìde. "Háà, Tíṣà mà ṣeun o! Bàbá Sufyan, ṣebí mo ti ń sọ ọ́ pé èèyàn gidi ni wọ́n."

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Tíṣà mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wá. Bí pàkúté rẹ̀ bá mú ẹran láàyè, alùfáà àdúgbò wọn ló máa ń ní kó dúńbú ti wa. Mọ̀dínátù tú àpò náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó dorí ẹ̀ kodò. Èèpo ìrẹsì nìkan ló jábọ́.

"Olúyẹmí!" Mo lọgun. "Padà wá síbí!"

Ó padà. Mo ní ta ló jẹ ẹran mi. Ó ní ẹran wo. Mo ní ẹran tí Tíṣà fi rán an. Ó búra, ó na ọwọ́ méjèèjì kí n gbóòórùn wọn. Mo gbóòórùn wọn, epo ọkọ̀ ni. Mo ní ó ti fọ ọ́.

"Bàbá, èmi kì í ṣe olè o!" Omi ti lé sí i lójú.

Bí mo ṣe ń bú u ni mo ń ṣiṣẹ́ lọ, ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yìí débi pé kì í dúró dè mí mọ́. Mo tú igi kúrò, mo fi ìdí ọ̀pá ìbọn bọ àárín iná, mo tan fáànù tó ń fẹ́ iná. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mi wà lára ògiri, mi ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ẹran ló wà lọ́kàn mi. Mọ̀dínátù ti padà sórí àpótí rẹ̀, ó ń gé àlùbọ́sà, ó ní ṣebí ẹja wà nílé. Àyà rẹ̀ gan-an ni ẹnu ìbọn kọjú sí.

"Ẹ pe Tíṣà!" Olúyẹmí ní. "Ẹ pè wọ́n báyìí!"

Mo pè é, mo gbé e sí sípíkà.

"Tíṣà, ẹtu tẹ́ ẹ ní ó wà nínú àpò dà?"

"Ẹtu wo, Jùbrílù?"

"Èyí tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́!"

"Inú àpò kẹ̀? Inú ìbọn ni mo wí! Ẹ̀tù ni mo kọ, ẹ̀tù ìbọn! Mo ti ki ìbọn náà de ọ̀yà, mi ò sì yìn ín. Mo ní kí o ṣọ́ra ni!"

Mi ò mọ ibi tí fóònù já sí. Mi ò rántí ẹmú. Ọwọ́ lásán ni mo fi gbá ọ̀pá ìbọn yẹn mú, mo yí ẹnu rẹ̀ sí ògiri, mo jù ú sínú àgbá omi, mo sì ṣubú lé Mọ̀dínátù. Àpá rẹ̀ nìyí ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Omi hó ṣàà. A dúró. Kò dún.

Nígbà tó pẹ́ dáadáa, mo dorí ẹ̀ kodò. Omi dúdú ló kọ́kọ́ jáde, kí ọta tó máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ẹ̀yìn òun lòun gbé e kọ́ láti Igbemo. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an.

Tíṣà ṣì ń ké "Jùbrílù! Jùbrílù!" nínú fóònù. Mo gbé e, mo da ìbínú bò ó. "Ọdún márùndínlógójì lẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lámì ohùn! Ẹ ò wá lè fi méjì péré sórí ẹ̀tù!"

"Ó tó," Mọ̀dínátù ní. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pa á. "Tíṣà ò fi àmì sí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀pá yín dà?"

Mo wo ọ̀pá náà lára ògiri.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo lé gbogbo ọdẹ lórí, ta ni kó pariwo lé yín báyìí?"

"Ìwọ ni, Ìyá Sufyan," mo ní. "Pariwo."

Ó sì pariwo. Ó pariwo títí àwọn aládùúgbò fi ya wọlé, wọ́n ní kí ló dé. Ó kọjú sí mí. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́ fún wọn pé mi ò wo inú ìbọn kí n tó fi sínú iná.