Iyọ̀ Kò Mojú Káfíńtà

Láti àárọ̀ ni mo ti ń dìde, tí mo ń jókòó. Lọ́rì Sunday awakọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ gbé ọkọ̀ onígbòkun àbúrò mi lọ sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni Ògúnkúnlé, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ti máa wọ òkun. Ó ní Gánà lòun ń lọ. Káfíńtà Ìwó! Orí fóònù ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tá a gbé e sódò Ọbà? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ̀kán omi kan ò wọlé."

"Ta ló bá ẹ jiyàn? Ṣé omi Ọbà níyọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Iyọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń tà lọ́jà ti gùn yín lórí."

Mo wọlé, mo gbé àpótí iyọ̀ mi jáde, abọ́ tí mo fi ń wọn iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Òun ló kan ìdérí rẹ̀ fún mi nígbà Iléyá èṣí. Inú páálí ìṣó kan náà ló ti bu èyí tó fi kan ọkọ̀.

"Ta ló kan èyí?"

"Èmi ni."

"Fà á."

"Ẹ̀gbọ́n, Sunday ń dúró..."

"Mo ní fà á! Àbí pákó ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

Ó fi ìka méjì fà á. Pákó ré kúrò bí èèpo ẹ̀pà. Ìṣó ìdí rẹ̀ fọ́ sí i lọ́wọ́, ó di ìyẹ̀fun pupa.

"Ọdún kan péré," mo ní. "Iyọ̀ inú àpótí nìyẹn o. Ìwọ wá fẹ́ ki tìẹ bọ inú èyí tó ń ru tọ̀sán-tòru."

Sunday fun fèrè. Ògúnkúnlé ò wò ó. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ orí ìṣó ara ọkọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Máa lọ, Sunday," ló sọ níkẹyìn. "Kò tíì tó òkun í wọ̀."

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára àpótí iyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, abọ́ tẹ́ ẹ fi ń wọn iyọ̀, ṣebí ti ìyá wa ni? Ó ti tó ogójì ọdún nínú iyọ̀, kò sì dípẹtà. Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Ẹnu mi tí kì í dúró gbàṣẹ ti dá a lóhùn kí n tó pa á dé: "Bàbà ni."

Kí n tó dìde, ó ti wà lórí ọ̀kadà, ó ń béèrè alágbẹ̀dẹ tó lè fi bàbà rọ ìṣó.