Ohùn Tí Mo Ní Kí Wọ́n Yọ

Adérẹ̀mí, tí ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa báyìí, pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Ajé. Inú rere ni ó fi pè.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Nípa ìsìn ìrántí Dádì ní ọjọ́ Ìsinmi, a ti rí sídì orin ọjọ́sí. Òun ni a máa gbé sí i kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìjọ á tún gbọ́ ohùn wọn."

Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó títí ẹ̀wà tí mo gbé kaná fi jóná.

Kò mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò dá ohùn Akínbọ́lá ọkọ mi mọ̀ nínú sídì yẹn. Ibì kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ ti dá wà, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ní ọdún 1979, nígbà tí oyún Pẹ̀lúmi wà nínú mi, ẹgbẹ́ akọrin wa kúrò ní Adó lọ sí Ìbàdàn láti lọ gba orin sílẹ̀ sínú àwo. Ènìyàn méjìlélógún ni wọ́n, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni wọ́n wọ̀. Ọ̀gá Òjó ni olùdarí wọn, òun náà ni ó kọ orin tí ó gba gbogbo ojú kejì àwo náà. Ọ̀rọ̀ orin náà ni pé kí a dúró de Olúwa. Ọkọ mi wà láàárín àwọn tẹ́nọ̀. Òun àti Ọ̀gá Òjó ti jọ wà láti ilé-ìwé míṣọ̀n. Orí ẹní kan ni wọ́n jọ ń sùn, ọwọ́ olùkọ́ kan náà ni wọ́n ti jọ jẹ ẹgba.

Ibì kan wà nínú orin yẹn tí dùùrù máa ń dákẹ́. Gbogbo ènìyàn á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè mí lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo ohùn tó jọ wọlé pọ̀: "Ẹ dúró." Ní ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀, àárín ìdákẹ́jẹ́ náà gan-an ni ohùn kan ṣoṣo ti wọlé. "Ẹ dú..." Ó gbé ìyókù mì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó kù wọlé. Àkókò wọn ti tán, ẹgbẹ́ mìíràn sì ti ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ àwo náà jáde.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ọkọ mi ní Kòlèdúró. Wọ́n ní ó ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n dúró, òun fúnra rẹ̀ kò lè dúró. Bí a bá jọ ń lọ ní ọ̀nà ọjà, ẹnì kan á ké láti inú ṣọ́ọ̀bù pé, "Kòlèdúró, ṣé o ti jẹ oúnjẹ ọ̀la?"

Ọkọ mi á dáhùn pé, "Mo ti jẹ ẹ́, mo ti fọ abọ́ rẹ̀."

Wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ katikíìsì ni mí. Ní ilé bàbá mi, àṣìṣe dà bí àbààwọ́n lára aṣọ funfun, a kì í jẹ́ kí àlejò rí i. Nígbàkígbà tí Akínbọ́lá bá gbé àwo náà sí i nínú pálọ̀ wa, tí abẹ́rẹ́ bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, mo máa ń dìde lọ wo ìkòkò lórí iná, bí kò tilẹ̀ sí ìkòkò lórí iná.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìjọ ń múra àjọ̀dún, Ọ̀gá Òjó sì ní kí a gbé orin náà sórí sídì, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní ẹ̀rọ giramafóònù nílé. Àwo tiwa ni ó dára jù nínú gbogbo èyí tó ṣẹ́kù. Akínbọ́lá kì í fi ìka kan ojú rẹ̀. Etí rẹ̀ ni ó máa ń mú, aṣọ rírọ̀ kan sì wà tí kò fi nu nǹkan mìíràn. Ó wà ní Ìgèdè lọ́sẹ̀ náà, níbi tí ó ti ń bá wọn bójú tó ìdánwò. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, èmi ni mo sì gbé àwo lọ sí ọ̀dọ̀ Dùnmínínú, obìnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ní Ajílósùn.

Dùnmínínú mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba orin náà láti ara àwo sínú kọ̀ǹpútà, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò mí létí, ó ní kí n gbọ́ àwo ná, kí n tó wá gbọ́ èyí tí yóò wà nínú sídì. Nínú àwo, ariwo tíntìntín kan wà nílẹ̀ ṣáá, bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà ní ojúlé kejì, àwọn ohùn sì fara ti ara wọn bí àwọn tí ó jókòó há sórí bẹ́ǹṣì kan. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo gbọ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tẹ dùùrù ṣe ń kan pákó. Èkejì mọ́ tónítóní. Mo gbọ́ báàsì tí n kò gbọ́ rí láti ọgbọ̀n ọdún. Ohùn kọ̀ọ̀kan dá wà ní àyè tirẹ̀, bí abọ́ tí a fọ̀ tí a tò.

Mo bi í pé, "Èwo ló dára jù?"

"Ó kù sí etí ẹni, mà. Àwọn kan máa ń sọ pé àwo ló ní ẹ̀mí, àwọn kan ní kí ni ẹ̀mí nínú ariwo. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé sídì kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí ẹ bá gbé fún un ló máa gbé fún yín."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni orin dé ibi ìdákẹ́jẹ́. "Ẹ dú..." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta wá nìyí? Kí ló ń lé e bọ̀?"

Ojú tì mí. N kò sọ fún un pé ọkọ mi ni. Mo ní, "Àṣìṣe ni. Ṣé o lè yọ ọ́?"

"Kò tó iṣẹ́, mà."

Ìlà tín-ín-rín kan wà tí ó yọrí sókè lójú kọ̀ǹpútà láàárín ibi tí ó tẹ́jú. Ó fi ìka tẹ nǹkan kan, ìlà náà kò sí mọ́. Ó ní, "Ó ti lọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀nà ilé, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọgbẹ́ ọmọ rẹ̀.

Wọ́n gbé sídì náà sí i ní gbọ̀ngàn ìjọ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Akínbọ́lá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí dùùrù dákẹ́, ó la ẹnu díẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe níbẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà wá, ó sì kọjá. Ó pa ẹnu dé. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí a délé, kò tíì ṣí fìlà tí ó fi bi mí. "Ta ni ó yọ mí?"

Mo ń tú gèlè. N kò yíjú padà. Mo ní, "Bóyá Ọ̀gá Òjó ló ní kí wọ́n ṣe é."

"Òjó?" ni ó wí. Mo ń ká gèlè lọ. Kò sì tún béèrè mọ́ títí ó fi kú.

Ó pẹ́ tí mo ti ń fi "bóyá" yẹn tu ara mi nínú. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹni tí ó ní "bóyá" kò parọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ni ọkọ mi ṣe dẹ́kun àtilọ síbi ìgbáradì orin, tí ó sì lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá láàárín àwọn àlejò. Ọ̀gá Òjó náà kò yà sílé wa mọ́. Ó fẹ̀yìn tì, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìyìn. Ẹni tí ó bá ra àgbàdo sísun ní Adó kò ní tíì jẹ ẹ́ tán kí ó tó dé Ìyìn, síbẹ̀ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn méjèèjì fi wà láìrí ara wọn. Ní ọjọ́ ìsìnkú, Ọ̀gá Òjó wá. Ó dúró lẹ́bàá ògiri, ó bọ mí lọ́wọ́, ó sì lọ láìjókòó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì tí Adérẹ̀mí pè mí, mo wé àwo náà sínú ìborùn, mo mú sídì pẹ̀lú rẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyìn.

Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé orin kan tí ó ti ya.

"Ẹ kú ulé o, sà."

Ó gbójú sókè. "Ìyàwó. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, sà." Mo jókòó sórí àpótí. "Ó wà, sà. Ṣé ẹ̀rọ giramafóònù yín ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó lera jù mí lọ. Òun kò ní làkúrègbé."

Mo ní kí ó kọ́kọ́ gbé sídì sínú ẹ̀rọ sídì rẹ̀ ná. A gbọ́ ọ dé ibi ìdákẹ́jẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti ní kí ó pa á. Mo sọ ọ́ kí n má baà rí àyè sá.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ohùn yẹn, sà. Ojú ló tì mí. Nígbà tí Bàbá Pẹ̀lúmi béèrè, ẹ̀yin ni mo dárúkọ."

Gọ́ọ̀mù ń gbẹ lọ ní ìka rẹ̀. Ó ní, "Èmi rò pé òun ni."

"Òun ta ni, sà?"

"Akínbọ́lá. Ṣebí ilé yín ni àwo ti jáde. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bá mi ru ẹrù mi, ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. N kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́."

"Ẹrù wo?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń dán an wò. "Kò sọ fún ọ? Kò ṣì í, ìyàwó. Ọwọ́ mi ni ó kọ́kọ́ gòkè. Mo ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn kù, mo ṣe àmì kí wọ́n wọlé. Ìwé ni àwọn yòókù ń wò, òun nìkan ló ń wo ọwọ́ mi. Nígbà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún wọn nínú bọ́ọ̀sì, ó tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó ní olùdarí kan ni a ní, tẹ́nọ̀ pọ̀."

Èmi tí mo bá a gbé, n kò mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ń jẹ́ Kòlèdúró nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo wá sọ fún un pé ọ̀rẹ́ náà ni ó tún pa á rẹ́. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ bí ó ṣe pe "Òjó?" ní ọjọ́ yẹn.

Ọ̀gá Òjó fọ gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó mú àwo náà ní etí, bí ọkọ mi ṣe máa ń mú un, ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ariwo àkàrà ojúlé kejì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohùn jókòó há sórí bẹ́ǹṣì wọn. Dùùrù dákẹ́. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí ó gbéra lórí itan rẹ̀, kí àsìkò tó tó.

"Ẹ dú..." ni Akínbọ́lá dá a lóhùn.

Orin náà parí. Àwo ń yí lásán, kò sí ẹni tó dá a dúró.

"Àwo ni kí Adérẹ̀mí gbé sí i ní ọjọ́ Ìsinmi," ni Ọ̀gá Òjó wí. "Kí ó tó gbé e sí i, èmi yóò sọ tèmi fún ìjọ."

"Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ, sà."

Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. N kò bẹ̀ ẹ́, nítorí ẹni tí ó yẹ kí n bẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó kàn nawọ́ sí ẹ̀rọ. "Gbé e padà síbẹ̀, ìyàwó. Ojú mi kò ríran tó mọ́."

Mo gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó ti ń sún mọ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi fẹ́ gbé mi dìde bí ó ṣe máa ń ṣe. Mo di etí àpótí mú, mo sì jókòó.