Wọ́n Ní Gbádérọ̀ Mutí

Ní ọdún 1996, ìrìn àtilé dé ibùdó ọkọ̀ ti di iṣẹ́ ńlá fún Gbádérọ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òun àti Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé ní Àgbówó. Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ojú ti sọ fún un pé àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glọkómà ni. Èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà mọ́, àfi kó máa kán oògùn sójú kí ìyókù má baà lọ. Ohun tó sọ fún Sìlífátù nígbà tó délé ni pé ojú ń yún òun.

Kò fọ́jú o. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń rí i kedere. Ó ṣì ń ka ìwé ìròyìn. Ẹ̀gbẹ́ ni kò sí mọ́. Ọ̀kadà á kàn yọ sí i lójijì. Bó bá ti inú oòrùn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á dúró gbagidi, á máa fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn. Àwọn tó ń juwọ́ sí i láti òdìkejì títì ní ó ti ń gbéraga. Kó tó rí takisí wọ̀, ọrùn á ti máa ro ó nítorí orí tó ń yí kiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ kí Ikúbọlájẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ní àdúgbò Challenge. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú takisí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbá àtẹ tòmátì, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká.

Obìnrin tó ni àtẹ náà pariwo. "Bàbá! Ṣé ẹ ò ríran ni?"

"Mo ríran dáadáa!"

Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa tòmátì. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń ṣà, ó sì ń fi orúnkún tẹ àwọn ti ẹ̀gbẹ́ fọ́.

"Háà! Ó ti mutí yó," obìnrin náà ní. "Àgbàlagbà, láàárọ̀ kùtùkùtù!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Gbádérọ̀ kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, ó tún pa á dé. Wọ́n lè gbàgbé ọ̀mùtí tó bá di ọ̀la. Ta ni yóò gbàgbé afọ́jú?

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ọtí ni."

Kò dé ilé Ikúbọlájẹ́ mọ́. Ó wọ ọkọ̀ padà sílé.

Ràfátù, aládùúgbò wọn, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé etí Sìlífátù.

"Bàbá Safiyyah, wọ́n ní ẹ mutí ní Challenge."

Gbádérọ̀ jókòó. Irọ́ ti sú u, ìrìn ti sú u.

"Mi ò mutí. Ojú mi ló ń lọ, Ìyá Safiyyah. Mi ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún méjì."

Sìlífátù jókòó tì í. "Ẹ wá jẹ́ kí n máa rò pé ẹ̀ ń bá mi bínú. Mo máa ń na ife omi sí yín láti ẹ̀gbẹ́, ẹ kì í gbà á."

"Mi ò fẹ́ di ẹrù sí ọ lọ́rùn. Orúnkún ń dun ìwọ náà."

"Ṣé kí wọ́n máa fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní títì ló wá fúyẹ́?"

Ní Sátidé, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Challenge. Gbádérọ̀ gbé ọwọ́ lé ìyàwó rẹ̀ léjìká, ojú ń tì í. Sìlífátù ń sọ fún un pé, "Gọ́tà rèé. Ẹ gbẹ́sẹ̀ ga." Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀, òun náà á dúró, á máa fọwọ́ ra orúnkún.

Ikúbọlájẹ́ gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "O pẹ́ kó o tó wá."

Gbádérọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ọtí. Ikúbọlájẹ́ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò fi í sílẹ̀.

Nígbà tó yá, Gbádérọ̀ ní kí àwọn máa lọ. Sìlífátù ní kó jẹ́ kí àwọn ṣì jókòó díẹ̀ sí i, kí orúnkún òun lè sinmi.