Aago Tó Ti Inú Adágún Jáde

Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ aago bàálù. Kì í ṣe aago tó ń sọ àkókò nìkan o. Mò ń sọ nípa gbogbo àwọn tó máa ń tò síwájú awakọ̀: èyí tó ń sọ bó ṣe ń sáré tó, èyí tó ń sọ bí epo ṣe kù tó, èyí tó ń sọ bó ṣe ga kúrò nílẹ̀ tó. Ẹ gbé èyíkéyìí wá, ìbáà jẹ́ pé ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé eegun, màá sọ irú bàálù tó ti wá àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Màá tún sọ bóyá ọ̀dà ojú rẹ̀ jẹ́ èyí tó máa ń tàn nínú òkùnkùn, nítorí pé májèlé ni. Níbi iṣẹ́, Ìyá Aago ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà máa ń bí mi nínú, ìgbà tí wọ́n sì rí i pé ó ń bí mi nínú ló wá mọ́ wọn lẹ́nu.

Ilé ńlá onípáànù kan la ti ń ṣiṣẹ́, bàálù àtijọ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. A kì í tún wọn ṣe kí wọ́n lè fò. Bí a bá ṣe bá wọn la ṣe ń tọ́jú wọn, ohun tí a bá sì rí lára wọn la máa ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Bí ọta bá ti dá ihò sí i, ihò náà á wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan máa dán, kó lọ máa fọ abọ́.

Lọ́dún tí ọ̀dá mú kí adágún ẹ̀yìn ìlú fà, àwọn apẹja rí ìrù bàálù kan nínú ẹrẹ̀. Irú rẹ̀ kò sí mọ́ níbikíbi nítòsí wa, inú ọ̀gá wa sì dùn débi pé kò lè jókòó. Ṣùgbọ́n méjì irú rẹ̀ ló sọnù sí agbègbè náà láyé àtijọ́, ẹrẹ̀ sì ti jẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ tán. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aago rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí.

Obìnrin kan ti ń dúró de ẹ̀rí náà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọkọ rẹ̀ ló wa ọ̀kan nínú bàálù méjèèjì. Omi gbé òkú ọkọ náà wá sí etí bèbè ní ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n bàálù kò hàn. Àwọn tó ń ṣèwádìí jókòó, wọ́n dìde, wọ́n ní ó ti mutí ni, pé ẹni tí ọtí kò sí lójú rẹ̀ kò ní fi bàálù kọlu omi nítorí kùrukùru lásán. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ pé òun rí i pẹ̀lú ìgò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí ọkùnrin náà ṣe di awakọ̀ ọ̀mùtí nìyẹn. Ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Níléèwé, "ọmọ ọ̀mùtí" ni wọ́n ń pè é títí tó fi jáde.

Bàbá mi ló ń tún aago bàálù ṣe láyé ìgbà náà ní ilé iṣẹ́ tó ni àwọn bàálù yẹn. Ọlọ́wọ́-Òwú ni inagijẹ rẹ̀, torí pé bí aago bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé kò mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Òun nìkan ló lọ síbi ìsìnkú awakọ̀ náà nínú gbogbo òṣìṣẹ́ wọn, ó sì sunkún débi pé opó náà fúnra rẹ̀ ló gbé àga fún un. Láti ìgbà náà, Màmá, bí mo ṣe ń pe opó náà, kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá láìwá kí i. "Ẹ̀gbọ́n," á ní, "ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé ọkọ mi kì í ṣe ọ̀mùtí." Bàbá mi á máa wolẹ̀. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà pé ogún ọdún, ó ní òun ò jẹ́ orúkọ ọ̀mùtí mọ́. Orúkọ bàbá mi ló ní òun fẹ́ máa jẹ́. Bàbá mi kọ̀, ó kọ̀, Màmá bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ọmọ náà kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, wọn á sọ̀rọ̀ dáadáa, àfi tó bá dárúkọ bàbá ọmọ náà nìkan ni ọ̀rọ̀ máa ń tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n gbé aago gíga bàálù inú ẹrẹ̀ náà, èyí tó ń sọ bó ṣe ga tó, sórí tábìlì mi. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ń yọ ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbà mí ní wákàtí mẹ́ta kí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ tó hàn. Mo gbé àpótí káàdì ilé iṣẹ́ àtijọ́ náà sílẹ̀, torí pé gbogbo aago tí wọ́n bá tún ṣe nígbà náà ló ní káàdì tirẹ̀. Nọ́ńbà bá nọ́ńbà mu. Bàálù ọkọ Màmá ni. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá ni wọ́n to aago náà padà sínú bàálù, ìkọ̀wé bàbá mi ló sì wà lórí káàdì, ó rí rodo bó ṣe máa ń rí. Mo pariwo, "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi!" Ọ̀gá wa sáré lọ pe Màmá lórí fóònù pé kó máa bọ̀ lọ́la. Èmi wá yí aago padà kí n lè tú páìpù rẹ̀.

Aago gíga máa ń mí. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí páìpù tín-ínrín máa ń so mọ́, atẹ́gùn ìta ló ń gba ibẹ̀ wọlé, ìyẹn laago fi ń mọ bó ṣe ga tó. Bó bá wà lórí tábìlì, a máa ń dí ihò náà kí eruku má wọ̀ ọ́. Ìdérí pupa ńlá ni gbogbo ayé fi ń dí i. Bí ìdérí yẹn bá wà níbẹ̀, páìpù kò lè wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdérí pupa wọ́n, bàbá mi dá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ń gé rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́, á tì í wọnú ihò náà títí yóò fi bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló yìn ín. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí èèyàn bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, páìpù á wọlé geere lórí rẹ̀.

Mo tú páìpù. Rọ́bà dúdú kan wà nínú ihò náà.

Irú rọ́bà yẹn kì í dí ihò tán pátápátá. Atẹ́gùn á máa rọra wọlé, á máa rọra jáde, aago á sì máa pẹ́ kó tó mọ ibi tí bàálù dé. Bí awakọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru, aago á ṣì máa sọ fún un pé òkè ló wà. Ọkọ Màmá gbà á gbọ́ títí tó fi kan omi. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo wá fi rọ́bà náà sínú ọ̀rá kékeré, mo sì fi sápò, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe níbi iṣẹ́ wa.

Mo bá bàbá mi nílé, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo gbé ọ̀rá náà síwájú rẹ̀. Kò bi mí pé kí ni.

"Ó ti jáde," ó ní.

"Ẹ mọ̀?"

"Rọ́bà méjìlá ló máa ń wà nínú agolo mi. Mo máa ń kà á kí n tó lọ sílé. Lọ́jọ́ tí mo to aago yẹn, ọ̀gá ń kánjú, mi ò kà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bàálù já ni mo tó kà á. Mọ́kànlá ni. Mo da agolo náà sílẹ̀, mo tún un kà."

"Ẹ sì lọ síbi ìsìnkú ọkùnrin yẹn, ẹ ń sunkún!"

"Ẹkún òtítọ́ ni mo sun."

"Wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ ọ̀mùtí, Bàbá!"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìwọ nígbà yẹn, àbúrò rẹ wà lẹ́yìn ìyá rẹ. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di ọdún." Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Dúró kí n kú ná. Kò ní pẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, kí o kọ ohun tó bá wù ọ́."

Mo fẹ́ràn bàbá mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé òkúta ló wà láyà mi. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bí mi lọ́jọ́ yẹn débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ pé inú ilé tèmi ni wọ́n ti máa pàdé.

Nígbà tí mo jáde ní òwúrọ̀, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o máa kọ ọ́?"

"Màá kọ ọ́."

"Mú mi dání nígbà náà. Kò yẹ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni obìnrin náà yóò ti gbọ́ ọ."

Màmá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi ká tó dé. Bó ṣe rí bàbá mi, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n! Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi èmi nìkan sílẹ̀ lónìí."

Bàbá mi fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò gbà. Ó di etí tábìlì mú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo gbé rọ́bà náà síwájú Màmá. Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

"Èyí?" ni Màmá béèrè.

"Òun ni, Ìyàwó."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an."

"Kí ẹ tó wá síbi ìsìnkú."

"Kí n tó wá."

"Mo gbé àga fún yín," Màmá ní. Kò pariwo. "Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, àṣé ata ló wà lẹ́nu rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Kọ ọ́. Níṣojú mi."

Mo kọ nọ́ńbà aago náà àti bàálù tó ti wá sínú ìwé àkọsílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé wọ́n gbàgbé rọ́bà sínú ihò atẹ́gùn rẹ̀, pé kò lè sọ òótọ́ fún ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Mo wá kọ ọ́ pé awakọ̀ kò jẹ̀bi. Ọ̀gá wa ní ìyẹn kì í ṣe tiwa láti kọ, ohun tójú wa bá rí là ń kọ. Mo ní kó lé mi lẹ́nu iṣẹ́ bó bá wù ú. Ó fi gbólóhùn náà sílẹ̀.

Màmá pe ọmọ rẹ̀, ó sì gbé fóònù sí àárín tábìlì kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Mọ́mì, ṣé àlàáfíà ni?"

"Fetí sílẹ̀," Màmá ní, ó sì nawọ́ sí mi. Mo ka ohun tí mo kọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà," ni ọmọ náà wí. Mo tún un kà. Ó bú sẹ́kún, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, ó ń pe bàbá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí òun. Ọwọ́ Màmá wà lórí fóònù náà bí ẹni pé orí ọmọ rẹ̀ ló ń fọwọ́ pa. Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó béèrè pé, "Ẹni tó gbàgbé rọ́bà náà ńkọ́? Ṣé ó ti kú?"

Màmá wo bàbá mi. Èmi náà wò ó.

Bàbá mi tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fóònù. "Ó wà láàyè," ó ní. "Èmi ni."

Ọmọ náà mọ ohùn rẹ̀. A gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọmọ kékeré kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, a gbọ́ tó ń bi í pé, "Dádì, ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀?"

Ó dá a lóhùn. "Ẹni tí à ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ ni," ó ní, ó sì pa fóònù.