Ọjọ́ Tí Fintan Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Rua

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Attracta, bàbá rẹ̀ kò bá Fintan Quilligan sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Bartle Lenihan á fi ìka kan etí fìlà rẹ̀, á sì kọjá bí ẹni tó kí àjèjì. Fintan kò bi í pé kí ló dé. Ó mọ ohun tó dé.

Ọjọ́ tí Attracta kú, orí ẹṣin ni Fintan ọkọ rẹ̀ wà. Àìsàn ti dá obìnrin náà dúbúlẹ̀ láti ìgbà ìkórè. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ó ní, "Fintan, má lọ lónìí." Fintan ní eré ẹṣin kan péré lòun máa gùn, òun á ti dé kí àkókò àtifún wàrà màlúù tó tó. Ó gun ọ̀kan náà. Ẹnìkan tún ní kó bá òun gun ẹṣin òun nínú eré àṣekẹ́yìn, nítorí egungun èjìká ẹni tí ì bá gùn ún ti kán. Ó gun ìyẹn pẹ̀lú. Nígbà tó délé, Bartle ti bá a pa ojú ìyàwó rẹ̀ dé.

Àgbẹ̀ ni Fintan. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gun ẹṣin tí ń fo ọgbà, láìgba kọ́bọ̀. Nílùú wọn, ẹni tó ń gùn ún fún ìfẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ "Ọ̀gbẹ́ni" síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé eré. Ẹni tó ń gbowó kò ní in. Fintan fẹ́ràn "Ọ̀gbẹ́ni" yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Rua ni abo ẹṣin pupa tí Attracta fi ìgò wàrà tọ́ nígbà tí ìyá ẹṣin náà kú. Nígbà tí Attracta ń kú lọ, bàbá rẹ̀ ló fi ẹṣin náà sílẹ̀ fún. Nígbà tí òtútù rọlẹ̀, Packie alágbẹ̀dẹ, tó ń kan bàtà fún ẹṣin gbogbo àdúgbò, ya ilé Fintan.

"Bàbá Attracta ní kó o bá òun gun Rua ní pápá eré Kilgarrow lọ́jọ́ Sunday. Gbogbo ẹlòmíì tó gùn ún ló ti já bọ́ láti orí rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹṣin ọmọ òun gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kóun tó tà á. Kò bẹ̀ ọ́ o."

"Kí ló tún wí?"

"Ó ní kó o má sanra sí i."

Fintan kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń rò ni pé bí Rua bá borí, bóyá àna òun á la ẹnu bá òun sọ̀rọ̀.

Òjò ń rọ̀ ní Kilgarrow lọ́jọ́ náà. Bí Fintan ṣe ń gbé gàárì bọ̀ láti ìdí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àwọn tó ń gun ẹṣin, Packie kígbe, "Ọ̀gbẹ́ni Quilligan! Ìgbẹ́ màlúù ṣì wà lẹ́yìn etí yín o!"

"Imú ẹ ló ń rùn."

Wọ́n tú àwọn ẹṣin sílẹ̀. Ẹrẹ̀ kún ojú Fintan débi pé etí Rua nìkan ló ń rí. Kò fi pàṣán kàn án. Ní ọgbà tó kẹ́yìn, ẹṣin tó wà níwájú kọsẹ̀, Rua sì fo ọgbà náà bí ẹni tó ń ré kọjá omi ìdọ̀tí. Ó fi gígùn ọrùn kan péré gba iwájú. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo pé Ọ̀gbẹ́ni Fintan Quilligan ló borí.

Bó ṣe ń padà bọ̀ láàárín okùn méjì tí wọ́n fi dá èrò dúró, arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ okùn wọlé, ó ṣí fìlà nínú òjò, ó na ọwọ́. Bartle ni.

"Fintan," ló wí.

Ta ní í jókòó sórí ẹṣin bọ àna rẹ̀ lọ́wọ́? Fintan sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ náà.

"Má sọ̀ o!" Packie ń sáré bọ̀. "Padà sókè! Yéè, ọkùnrin yìí ti pa wá!"

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹṣin gígùn pàápàá mọ̀ ọ́n: ẹni tó borí kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí yóò fi dé ìdí òṣùwọ̀n, àfi tí òun tàbí ẹṣin rẹ̀ bá fara pa.

"Ṣé ẹ fara pa ni?" ni àwọn adájọ́ eré bi í.

"Rárá, sà."

"Ṣé ẹṣin ń tiro?"

Bàbá náà ń wò ó. Irọ́ kékeré kan ì bá tó.

"Kò tiro."

Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tún dárúkọ rẹ̀, tòun ti "Ọ̀gbẹ́ni", àwọn tó ń mu tíì lábẹ́ àtíbàbà sì bú sẹ́rìn-ín. Fintan fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Òjò ti dá nígbà tó fa Rua lọ sídìí ọkọ̀ Bartle. Bàbá náà jókòó sórí pákó tí ẹṣin ń gbà gòkè, fìlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ọjọ́ tó yẹ kó o sọ̀ kalẹ̀, o ò sọ̀," ni Bartle wí. Kò gbóhùn sókè. "Ọjọ́ tí kò yẹ lo wá sọ̀."

Fintan ń wo bàtà ara rẹ̀.

Bàbá náà dé fìlà rẹ̀. Ó bu koríko gbígbẹ láti inú ọkọ̀, ó pín in sí méjì, ó sì na ìdajì sí i.

"Gba ẹ̀gbẹ́ tọ̀hún. Òtútù ń mú un."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu Rua, ẹnìkan lápá ọ̀tún, ẹnìkan lápá òsì. Fintan tẹ orí ba síhà ẹṣin náà, ó ń nu ibi tó ti gbẹ tipẹ́, kí bàbá náà má baà rí ojú rẹ̀.