Màmá Kò Sọ̀kalẹ̀

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀.”

“Mi ò sọ̀.”

Ìyàwó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó gbá báàgì mọ́ itan bí ẹni pé olè ló ń bọ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ti tò sẹ́yìn wọn, ẹni tó sún mọ́ wọn jù sì ti ń tẹ họ́ọ̀nù kíkankíkan. Ní ilé gáàsì yìí, kò sẹ́ni tó ń jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ gáàsì sí i. Ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe aboyún, ẹ̀yìn ògiri búlọ́ọ̀kù tó wà lápá òsì ni gbogbo wọn ń lọ dúró sí. Ọkùnrin tó ń rọ gáàsì náà kì í gba ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Sọ̀kalẹ̀-Ná.

“Ṣebí ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́sí,” ni Ìyàwó tún wí. “Dókítà ojú yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni o.”

“Kó máa lọ. Ojú mi ni, kì í ṣe ojú tìẹ.”

Inú bí Ìyàwó débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò iṣẹ́, òun àti obìnrin yìí nìkan ló kù nílé, àárín wọn kò sì gún. Bó bá se ọbẹ̀, iyọ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá gbálẹ̀, kọ̀rọ̀ kan ti ṣẹ́ kù. Ní òwúrọ̀ yìí, orí àga onítáyà tí wọ́n fi ń ti Màmá kiri ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Orí òrùlé ọkọ̀ ni ọkọ rẹ̀ máa ń di àga náà sí, torí sílíńdà gáàsì tí ọkọ̀ náà fi ń rìn dípò epo ló gba inú búùtù. Ṣùgbọ́n òjò ṣú, Màmá sì fárígá pé òjò kò ní pa àga òun. Ìyàwó kò fẹ́ ariwo mọ́. Ó ti àga náà bọ inú búùtù, ó fi orúnkún rọ́ ọ wọlé, ó sì pa á dé gbàgà. Ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un, àìmọye ìgbà, pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ kan páìpù tó ti ẹnu sílíńdà jáde. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀ náà.

Sọ̀kalẹ̀-Ná ṣí búùtù láti yẹ sílíńdà wò, bó ṣe máa ń yẹ ti gbogbo ọkọ̀ wò kó tó rọ gáàsì. Ó tẹ̀ ba, ó fimú fínlẹ̀, ó sì da omi ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sára páìpù. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó ń yọ ìfófòó ńláńlá. Ìgbà náà ni Ìyàwó tó gbọ́ ohùn kan tó ń dún ṣùùù, tí họ́ọ̀nù ti bò mọ́lẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan.

“Ẹ pa ọkọ̀ yín!” ni Sọ̀kalẹ̀-Ná ké sí àwọn tó wà lẹ́yìn. “Ẹ má fọwọ́ kan fóònù! Ẹ sá lọ sẹ́yìn ògiri!” Ó yíjú sí Ìyàwó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹsẹ̀ àga yìí ti há mọ́ páìpù. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ibi tí mo ti lè ti sílíńdà wà. Bí mo bá fa àga, páìpù lè já. Mi ò lè fà á bí èèyàn bá wà nínú ọkọ̀.”

Ẹ̀rù ba Ìyàwó. Ká má purọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sá lọ láìdúró gbàṣẹ. Òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ti gba ibẹ̀ kan.

“Ẹ jẹ́ kí n gbé Màmá,” ni Sọ̀kalẹ̀-Ná wí.

“Má fọwọ́ kàn mí!” Màmá kígbe. “Kò sí ọkùnrin tó máa gbé mi! Ẹ fi mí síbí, kí ẹ máa lọ.”

“Tí nǹkan bá ṣe yín, kí ni n ó sọ fún ọmọ yín?” ni Ìyàwó béèrè.

“Sọ fún un pé mo kọ̀.”

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ìyàwó kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Kò mọ ìgbà tó kẹ́yìn sí i, tó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ẹ gun ẹ̀yìn mi. Èmi ni n ó pọ̀n yín.”

Màmá na ọrùn wò ó. “Ìwọ?”

“Èmi.”

“Má wẹ̀yìn o,” ni ìyá náà wí, ó sì na ọwọ́.

Àṣẹ tún nìyẹn, ni Ìyàwó rò bó ṣe ń dìde tìpá-tìpá. Wọ́n ní ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn ńkọ́? Àmọ́ ìyá náà fúyẹ́. Bí a ṣe lè kó ariwo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sínú ara kékeré yìí kò yé e. Ó ń rìn, kò sáré, kó má baà ṣubú, ohùn ṣùùù náà sì ń tẹ̀ lé e. Ó ń retí ìró kan lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀.

Kò tíì dé ògiri nígbà tó mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti rin. Ọ̀rinrin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń gba inú aṣọ rẹ̀ bọ̀ wá sí ìbàdí.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nínú ọkọ̀, Màmá ti ní kó dúró ná. Lẹ́ẹ̀mejì ló wí i. Ìyàwó kò dá a lóhùn, ó rò pé ẹjọ́ àga ló tún kù, àṣé ìyá náà fẹ́ tọ̀ ni.

Ó dé ẹ̀yìn ògiri, ó fi ẹ̀yìn Màmá ti búlọ́ọ̀kù kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi tí aṣọ rẹ̀ ti rin. Irin dún gbaga lọ́hùn-ún. Ohùn ṣùùù náà dáwọ́ dúró. Sọ̀kalẹ̀-Ná yọ sí wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Mo ti tì í. Ẹ lè sọ Màmá kalẹ̀ báyìí.”

Ọwọ́ ìyá náà dì mọ́ ọn lọ́rùn ṣinṣin.

Ọkùnrin tó ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan ti wá dúró tì wọ́n. Ojú ń tì í. “Ẹ bá mi lọ, n ó gbé yín dé ọsibítù,” ló wí. Ó wo ìbàdí Ìyàwó. “Aṣọ yín mà ti tutù.”

“Òógùn ni,” ni Ìyàwó dáhùn. “Ẹ ṣé. Ẹ dúró dè wá díẹ̀, mo fẹ́ bu omi sójú.” Ó bi Sọ̀kalẹ̀-Ná léèrè ibi tí ilé ìwẹ̀ wà, ó tún ẹrù rẹ̀ gbé sókè dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Nígbà tó yá, Màmá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e léjìká.